Iṣẹ́ OT ní Ìkòròdú: Ìbéèrè Àwọn Ìdílé Aláìsàn Àti Ìdáhùn Wa

Kí ni OT ń ṣe gan-an?

Occupational therapist, tí àwọn ará ilé ìwòsàn ń pè ní OT, ni ẹni tó ń bá aláìsàn ṣiṣẹ́ títí aláìsàn á fi padà sídìí ohun tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀: kó wẹ̀, kó wọṣọ, kó dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó ro àmàlà, kó kírun, kó padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Sábó. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke) kọlù, ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ ní Odógunyàn, ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nígbà ìbí, àgbàlagbà tí ń gbàgbé nǹkan, ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ lẹ́yìn àìsàn ọpọlọ: gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n lè bá wá sọ́dọ̀ OT. A kì í kọ oògùn. A kì í gún abẹ́rẹ́.

Ṣé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú físíò?

Rárá o. Físíò a máa wo bí iṣan ṣe lágbára tó, bí oríkèé ṣe ń tẹ̀, bí èèyàn ṣe ń rìn. OT a máa wo ohun tí èèyàn fẹ́ fi agbára yẹn ṣe. Aláìsàn lè gbé apá sókè dé orí lọ́dọ̀ físíò, kó délé, kó má lè ki apá kan náà bọ bùbá. Àwọn iṣẹ́ méjèèjì wọnú ara wọn, àjọ kan náà ló sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ẹ rí i pé àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí aláìsàn yín. Tí físíò bá sọ pé kó má tíì fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó yẹ kí OT ti gbọ́ kó tó kọ́ ọ bí yóò ṣe bọ́ sórí àga.

Ibo ni OT ti ń kọ́ṣẹ́? Báwo la ṣe máa mọ ojúlówó?

Ní Nàìjíríà, Obafemi Awolowo University ní Ilé-Ifẹ̀ ń fún èèyàn ní dìgírì OT lẹ́yìn ọdún 5. Ilé ẹ̀kọ́ OT tó wà ní Òṣòdì, lábẹ́ Federal Neuro-Psychiatric Hospital Yaba, náà ti kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Lẹ́yìn dìgírì, ọdún kan wà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn lábẹ́ àwọn àgbà iṣẹ́. Ẹgbẹ́ OT àgbáyé, World Federation of Occupational Therapists, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti bá aláìsàn ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1000 ó kéré tán kó tó jáde.

Àjọ tó ń fún wa ní ìwé àṣẹ ni Medical Rehabilitation Therapists (Registration) Board, tí òfin 38 ti ọdún 1988 gbé kalẹ̀. Ọdọọdún la ń tún láísẹ́ǹsì ṣe. Nítorí náà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi férémù kọ́ sára ògiri ò tó. Láísẹ́ǹsì ọdún yìí ni kí ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Ojúlówó OT ò ní bínú sí i. Ẹni tó bá ń dájọ́ fún yín pé ní ọjọ́ báyìí ni bàbá yóò dìde rìn, tàbí tó ń ta oògùn mọ́ ìtọ́jú, ẹ sá fún un.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́?

Ìbéèrè la fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé a ò tíì fọwọ́ kan aláìsàn. Aago mélòó lẹ ń jí? Ta ló ń pọnmi? Bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ fi ń wẹ̀ àbí ṣáwà? Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, kí ni ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe níbẹ̀, kí sì ni ti òsì? Lẹ́yìn èyí la ó ní kí aláìsàn mú nǹkan bíi 3 sí 5 tó ń dùn ún jù pé òun ò lè ṣe mọ́, kó fi 1 sí 10 sọ bó ṣe ń ṣe é sí báyìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó tún bi í.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ọmọ á ní òun fẹ́ kí màmá máa rìn. Màmá fúnra rẹ̀ á ní kí òun sá ti lè dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìpe ìyàwó ọmọ òun lóru. Ti màmá la máa kọ́kọ́ dojú kọ.

A tún ní ìwọ̀n kan tó ń jẹ́ Barthel Index. Nǹkan 10 ló ń wò: jíjẹun, wíwẹ̀, fífọ ojú àti ẹnu, wíwọṣọ, ìgbẹ́, ìtọ̀, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kíkúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, rírìn, àti gígun àtẹ̀gùn. Ẹni tí wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún wà ní 0. Ẹni tó ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe gba 100. Ìwọ̀n yìí ò béèrè bóyá èèyàn lè dáná tàbí wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, torí náà ẹni tó gba 100 ṣì lè wà tí kò lè padà sọ́jà.

Ẹ mú ìwé tí ilé ìwòsàn fi dá a sílẹ̀ wá, àwọn oògùn rẹ̀ tòun ti páálí wọn, bàtà tó ń wọ̀ nílé, àti fọ́tò ẹnu ọ̀nà, yàrá, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú fóònù. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ gan-an ni kó bá a wá, kì í ṣe ẹni tó ń sanwó.

Bàbá wa ní rọpárọsẹ̀. Kí ni kí á máa ṣe sí apá tó kú?

Kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ mọ ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe: ẹ má fà á. Iṣan tó yẹ kó di orí eegun apá mú sínú ihò èjìká ti sùn, ìwúwo apá nìkan sì ti tó láti fà á sílẹ̀. Tí ẹ bá wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ láti gbé e dìde, tàbí tí ẹ fi ọwọ́ yẹn fà á jókòó, èjìká á yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìrora á dé, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan apá náà mọ́. A ti rí èjìká tó bàjẹ́ nílé ju èyí tí rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀ bàjẹ́ lọ.

Tó bá jókòó, ẹ gbé apá náà lé ìrọ̀rí tàbí tábìlì, kí ìgbọ̀nwọ́ má máa rọ̀ dirodiro, kí àtẹ́lẹwọ́ sì là sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e dìde, ẹ fọwọ́ ti pátákó èjìká rẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ di ìgbátí ṣòkòtò rẹ̀ mú. Àga tó fẹ́ bọ́ sí, apá ibi tó lágbára ni kó wà, kó dagun díẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì, kó ga bákan náà pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí gìgísẹ̀ sún sẹ́yìn orúnkún, kó wá tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá orúnkún, kó tó dìde. Ẹni tó bá gbìyànjú láti dìde tààrà láìtẹ̀ síwájú á padà ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì ni, ẹ ó sì rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lágbára. Fóòmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ò dáa fún un rárá. Gíga bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ dé orúnkún, bí ínǹṣì 18 sí 20 fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà.

Báwo ló ṣe máa fi ọwọ́ kan wọṣọ?

Apá tó kú ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, òun ló ń gbẹ̀yìn bọ́ ọ. Kó jókòó sórí àga tó le, kì í ṣe etí bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀. Kó tẹ́ bùbá sórí itan, kí ẹ̀yìn aṣọ wà lókè, kí ọrùn aṣọ kọjú sí orúnkún. Ọwọ́ tó dáa á ki ọwọ́ tó kú bọ apá aṣọ, á fà á gòkè kọjá ìgbọ̀nwọ́ títí dé èjìká. Ibí ni wọ́n ti ń ṣìṣe jù: wọ́n á fi apá aṣọ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á ti ki orí bọ̀ ọ́, aṣọ á wá há sẹ́yìn. Lẹ́yìn èjìká ló kan apá tó dáa, orí ló kẹ́yìn. Ẹ ní kí télọ̀ fi ínǹṣì 2 kún ibi abíyá, kó sì fi rọ́bà rọ́pò okùn ṣòkòtò. Ìró ìyá àgbà náà, rọ́bà ni kó rán sí i níbàdí. Ọwọ́ kan ò lè lọ́ ìró kó mú.

Balùwẹ̀ wa ò ní ju bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ṣé ó lè dá wẹ̀?

Ó lè dá wẹ̀, tó bá jókòó. Àga ike funfun tó wà nílé gbogbo wa kọ́ o: lórí táìsì tó tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́, á sì dá lójijì. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe àga irin tó ní apá méjì, kó fi rọ́bà bọ ìdí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé àpótí kó ga tó orúnkún, kó má baà máa tẹ̀ kó fi orí ṣáájú. Ẹ fi ọṣẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ kí ẹ so ó mọ́ apá àga, kó má baà yọ̀ bọ́. Ẹ so kànrìnkànrìn mọ́ igi tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ fún ẹ̀yìn. Ọwọ́ tó dáa ni kó fi tọ́ omi wò: ọwọ́ tó kú lè má mọ̀ pé omi ń jó o.

Irin dídìmú lára ògiri, kó ga tó ínǹṣì 33 sí 36 láti ilẹ̀. Irin tí wọ́n ń kọ́ aṣọ ìnura sí, ẹ má ṣe jẹ́ kó dì í mú. Kì í gbé èèyàn. Ní ilé tó jẹ́ ṣáláńgá ni wọ́n ní, kápẹ́ńtà lè ṣe àga onígi tó ní ihò láàárín, kó ga ní ínǹṣì 17 sí 19, kí wọ́n gbé e ka ojú ihò.

Ìyá wa fẹ́ máa dáná. Ẹ ò rò pé ó léwu?

Ewu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n lé kúrò ní ilé ìdáná máa ń jókòó kalẹ̀ títí agbára tó kù lára rẹ̀ náà á fi lọ. Ohun tí ọwọ́ kan ò lè ṣe ni dídi nǹkan mú, torí náà ẹ wá ohun tí yóò bá a dì í. Fún gígé iṣu àti àlùbọ́sà, ẹ kan ìṣó méjì tí kì í dógùn-ún láti abẹ́ pátákó títí wọ́n á fi yọ sókè ní ínǹṣì kan àbọ̀. Kó fi iṣu gún un, kó wá máa bẹ ẹ́. Ẹ tẹ́ àkísà tútù sábẹ́ pátákó kó má yọ̀. Fún àmàlà, irin tí wọ́n fi ń há ìkòkò mọ́lẹ̀ ni kí wẹ́dà ṣe ní ìwọ̀n ìkòkò rẹ̀, kí ìkòkò wà nílẹ̀, kó jókòó rò ó, kí ìyẹ̀fun má sì ju ti ẹni méjì lọ. Gaasi ló dáa ju sítóòfù lọ, torí sítóòfù tí wọ́n gbé ka ilẹ̀ lè dànù bí ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ràn bá kọlù ú. Ẹ lọ́ fóòmù mọ́ ìdí ṣíbí àti ọ̀bẹ kí ó nípọn, pàápàá fún ẹni tí oríkèé ìka rẹ̀ ń dùn.

Ọwọ́ ọ̀tún ló kú. Kò fẹ́ fi òsì jẹun níwájú àlejò, kò sì fẹ́ fi gba nǹkan.

A kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àgbàlagbà tó ti kọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan séèyàn, ebi á kúkú pa á ju kó fi ọwọ́ òsì bu òkèlè ní gbangba. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé òsì á di ọwọ́ ọ̀tún mú lábẹ́, méjèèjì á jọ jáde láti gba nǹkan. Gbogbo ará ilé á rí i pé ọ̀tún wà níbẹ̀, ọwọ́ tó kú náà á sì máa rí iṣẹ́ ṣe. Fún oúnjẹ, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì máa ń rọrùn fún un láti gbà ju ọwọ́ òsì lásán. Ẹ ti bá àwọn ọmọdé sọ ọ́ ṣáájú, kí ọ̀kan má lọ pariwo pé bàbá àgbà fi òsì jẹun. Àlùwàlá náà: ẹ bu omi sí bútà dé ìdajì, kí ẹ gbé e lé àpótí tó ga, kó máa dà á díẹ̀díẹ̀, ẹni tí kò lè wólẹ̀ lè jókòó sórí àga kírun.

Wọ́n ní ká di ọwọ́ tó dáa kí èyí tó kú lè ṣiṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ má dá a ṣe. Ẹni tí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ lè dìde sókè ní nǹkan bíi dìgírì 20, tí ìka rẹ̀ sì lè là díẹ̀ nìkan ló wà fún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè mira rárá, ẹ kàn fẹ́ sọ ọ́ di aláìlọ́wọ́ méjèèjì ni, ó sì lè ṣubú. Ti ẹni yìí, dígí ló dáa: a ó gbé dígí dúró sáàárín apá méjèèjì, apá tó kú á wà lẹ́yìn dígí, á máa wo àwòrán ọwọ́ tó dáa bó ṣe ń là tó ń pa. Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4. Kò ná wa ju owó dígí lọ.

Ẹ̀rọ gé ìka ọkọ mi níléeṣẹ́. Wọ́n ti rán an. Kí ló kù?

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù ló kù. Iṣan tó ń fa ìka, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, kò lágbára ju òwú tí wọ́n fi rán an lọ. Tí kò bá sí ohun tó dáàbò bò ó, gbígbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lè já a. Tí ẹ bá sì dè é pa láìjẹ́ kó rìn rárá, iṣan á lẹ̀ mọ́ awọ, ìka ò ní tẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó dé ọ̀dọ̀ OT láàárín ọjọ́ 3 sí 5 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. A ó ṣe splint sẹ́yìn ọwọ́, ike tí omi gbígbóná 65 sí 75 °C ń sọ di rírọ̀, tí a sì ń fún ní ìrísí ọwọ́ rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni kó fi wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, a ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gbé ìka nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó wúwo, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12. Láti ọ̀sẹ̀ kejì lọ, ìrora á ti lọ, á máa rò pé ara òun ti yá, á bọ́ splint láti fi wẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣan ti ń já.

Ẹ má fi splint sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn, á rọ̀, á dàrú. Tí awọ bá pọ́n lábẹ́ rẹ̀ tí pípọ́n náà ò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ padà wá ká tún un ṣe.

Ti ẹni tí iná jó lọ́wọ́ yàtọ̀, àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí ọ̀sà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọwọ́ tó jó máa ń fẹ́ ká jọ torí ibẹ̀ ló ti ń tù ú. Ibi tó ti ń tù ú yẹn ló máa gan sí. A máa ń fi splint gbé ọrùn-ọwọ́ sókè, a ó tẹ ìdí ìka, a ó sì na ìka gbọọrọ.

Ṣé a lè lọ sọ́dọ̀ teguntegun ná?

Àwọn èèyàn ń lọ, a ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dè é, ẹ máa wo ìka. Tí ìka bá tutù, tó funfun tàbí tó dúdú, tó ń ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, tàbí tí nína ìka bá fa ìrora tó le ju ti eegun tó dá lọ, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ ní wákàtí yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́ ni. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Ọmọ wa ti pé ọdún 3, kò lè jókòó. Àga wo ni ká rà?

Ẹ má tíì rà, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kó jókòó lórí nǹkan tó le, kí ẹnìkan dì í mú. Láti ẹ̀yìn ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún, ẹ yọ ínǹṣì kan kúrò: bí ijókòó yóò ṣe jìn nìyẹn. Bí ìbàdí ṣe fẹ̀, ẹ fi ínǹṣì kan kún un. Láti ẹ̀yìn orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni gíga ijókòó sí ibi ìfẹsẹ̀lé. Kápẹ́ńtà tó bá gba ìwọ̀n yìí á ṣe àga tó dáa ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń kó wọlé látòkèèrè. Ìbàdí, orúnkún àti kókósẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní dìgírì 90, tábìlì á sì dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ láìtẹ nǹkan ló ń jẹ́ kí ọmọ máa yọ̀ sílẹ̀ bọ́ lórí àga. Ẹ so bẹ́líìtì mọ́ ìbàdí, kì í ṣe àyà. Tí ẹ bá ń fún un lóúnjẹ, ẹ má jẹ́ kí orí rẹ̀ gbé sẹ́yìn. Kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó sì wà ní ìjókòó fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ.

A fẹ́ ra àga onítáyà. Kí ni ká wò?

Ẹ wọn ìlẹ̀kùn kí ẹ tó wọn àga. Àga àgbàlagbà sábà máa ń fẹ̀ ní ínǹṣì 24 sí 26, ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ púpọ̀ sì há ju ìyẹn lọ tí ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀ bá gba àyè. Ẹ lè yọ ìlẹ̀kùn, kí ẹ fi kọ́tìnnì rọ́pò rẹ̀. Ijókòó gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ìbàdí lọ ní ínǹṣì kan sí méjì. Àga tó gbòòrò jù á mú kó dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó ń jókòó pẹ́ gbọ́dọ̀ ní tìmùtìmù tó nípọn, kó máa gbé ìdí tàbí kó dagun ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 síra. Lórí bẹ́ẹ̀dì, wákàtí méjì-méjì ni kí ẹ máa yí i padà. Ẹ ṣọ́ egbò ìdùbúlẹ̀. Pípọ́n tí kò lọ ni ìkìlọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò máa gbà wọlé: fún ínǹṣì kan tí fáràǹdá fi ga, ẹ na símẹ́ńtì ní ínǹṣì 12. Ilé tí wọ́n gbé sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 2 nítorí omíyalé á nílò ẹsẹ̀ bàtà 24. Kó fẹ̀ tó ínǹṣì 36. Tí àyè ò bá sí, ẹ jẹ́ kó yí gba ẹ̀gbẹ́ ilé, kí ibi tó ti ń yí tẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà dá a ṣe gàgàrà kó lè tètè parí. Ẹni tó ń tì í á ṣubú tẹ̀lé e.

Ṣé ó lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bùté?

Tó bá lè gun àtẹ̀gùn, tó sì lè jókòó fún wákàtí kan láìṣubú, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ tó dáa ló ń kọ́kọ́ gòkè, èyí tó kú ló ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹnìkan níwájú, ẹnìkan lẹ́yìn, kó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kó tó wọkọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ òjò.

Ṣé ká máa fi òrí wọ́ ọ lẹ́sẹ̀?

Fífi òrí pa á lára jẹ́jẹ́ ò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dùn ún ní iṣan ẹ̀yìn ojúgun, ẹ má fọwọ́ kàn án: ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, tí wíwọ́ ẹsẹ̀ á sì tì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà, tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá ju 180/110 lọ, a kì í bá a ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?

Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, oṣù 3 sí 6 àkọ́kọ́ ni ara máa ń yára padà jù. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣì ń padà, ó kàn ń falẹ̀ ni. Wíwá sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan tí ẹ ò bá ṣe é nílé: ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó dára ju wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú lọ. Tí àbẹ̀wò mẹ́rin bá kọjá tí kò sí ohunkóhun tó yí padà, ẹ bi wá léèrè ìdí.

Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀, báwo sì ni ti owó?

General Hospital Ìkòròdú ni kí ẹ ti gba lẹ́tà dókítà. Ọ̀ràn ọwọ́ àti eegun tó bá le, National Orthopaedic Hospital ní Ìgbóbì ló ní ẹ̀ka OT fún un. Ti àìsàn ọpọlọ, Yaba tàbí Òṣòdì. Ẹ béèrè iye àbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, iye splint lọ́tọ̀, àti owó ọkọ̀ ẹni tó ń wá sílé. Tí ẹ bá wà lórí Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa san àti èyí tí wọn ò ní san. Tí owó bá fẹ́ wọ́n, ẹ jẹ́ kí OT wá sílé lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kó rí balùwẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì máa lọ bá a fún ìyókù. Ẹni tó ń gbé ní Ìmọ́ta tàbí Ìjẹ̀dẹ̀ lè fi fídíò WhatsApp ránṣẹ́ láàárín àbẹ̀wò méjì. Kí ẹni tó ń ya fídíò dúró sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn, kì í ṣe iwájú, ká lè rí bó ṣe ń tẹ̀ síwájú kó tó dìde.